Thermostat: ohun tó ń kó ooru níjàánu nínú pẹpẹ ejò

Erè kékeré tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀ wá. Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o lọ tà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbí, oòrùn tó fún un láti yá. Lọ́hùn-ún, nígbà òtútù, ẹni tó ń sìn ín ló gbọ́dọ̀ wá ooru fún un. (Sọ ọ́ nílé wa pé o ń san owó iná nítorí ejò, kí o wá wo ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́.)

Ẹni tó bá ń sin púpọ̀ sábà máa ń fi igi kan pẹpẹ, tí yóò to ike sí, tí wọ́n ń fà jáde bíi dúrọ́ọ̀. Téèpù pẹlẹbẹ tó ń gba iná mànàmáná máa ń wà lábẹ́ ẹ̀yìn ike: ẹ̀yìn á wà ní bí 32°C, iwájú á tutù sí bí 26, ejò á sì yan èyí tó wù ú. Téèpù yìí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Nínú igi, níbi tí ooru ò ti rọ́nà jáde, ó lè kọjá 50. Ejò kì í sì í tètè sá kúrò lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ikùn rẹ̀ ló ń jó.

Thermostat ló ń kó téèpù náà níjàánu. Kì í ṣe thermometer o. Ìyẹn kàn ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó ni. Ẹni tó bá ti lọ aṣọ rí ti lo thermostat: òun ló ń mú kí iná kékeré ara áyọ́ọ̀nù máa tàn, kó máa kú. Àwọn tó wọ́n jù ú lọ kì í pa iná pátápátá, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni. Bí owó bá wà, irú èyí ni kí ẹ rà.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an ni orí wáyà kékeré tó fi ń mọ ooru, èyí tí wọ́n ń pè ní probe. Thermostat ò mọ ejò, kò mọ ike. Ibi tí probe bá wà nìkan ló mọ̀. Ká ní probe yọ, ó já sílẹ̀ nínú yàrá tó wà ní 20°C. Lójú thermostat, òtútù ń mú ejò. Á tan iná, kò sì ní pa á mọ́, nítorí ilẹ̀ yàrá ò lè gbóná dé iye tó ń wá láéláé. Kò bàjẹ́ o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ejò ló ń jóná.

Nítorí náà, orí téèpù gan-an, lábẹ́ ike, ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì so wáyà rẹ̀ mọ́ igi pẹpẹ kí fífà ike má bàa fà á yọ. Inú ike kọ́: ejò á tì í kúrò, á tún tọ̀ sí i lára. Bí ìpele bá pọ̀, èyí tó máa ń gbóná jù ni kí probe wà. Orí téèpù máa ń gbóná ju inú ike lọ, torí náà ẹ lè ní láti fún thermostat ní 35 kí ilẹ̀ ike tó dé 32.

Irin inú swíìṣì thermostat olówó pọ́ọ́kú lè lẹ̀ mọ́ra, kí iná má sì kú mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo méjì, tí iná ń gba inú méjèèjì kọjá kó tó dé téèpù. Èkejì ní probe tirẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní iye ooru tó fi bí 3°C ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó lè pa iná bí àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí kò pa á.

Ẹ ṣírò wáàtì pẹ̀lú: ìpele 6 tó ń jẹ 20 lọ́kọ̀ọ̀kan ti di 120, thermostat oní 100 ò lè gbé e.

Kí ejò kankan tó wọlé, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa fi thermometer wo ilẹ̀ ike kọ̀ọ̀kan, lóru pàápàá, nígbà tí yàrá bá tutù jù.