Bó bá jẹ́ oúnjẹ ara ni, kí ló dé tí wọ́n ní ká bo imú?

Àpò lẹ́búlẹ́bú kan wà níwájú ẹni. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni pé síǹkì, bàbà, máńgánísì àti irin ló wà nínú rẹ̀, pé wọ́n ti fi amáínò ásíìdì, ohun tí ara fi ń kọ́ purotéènì, dì wọ́n mú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní chelate, àti pé ó dára fún ara. Ìwé ààbò tó bá àpò náà wá tún ń sọ tirẹ̀. Ó ya ẹja tó kú àti igi gbígbẹ, ó ní ká bo imú, ká wọ ìbọ̀wọ́, ká má jẹ́ kó dé odò. Ẹni tó bá ka méjèèjì tán á máa rò ó pé èwo ni kí òun gbà gbọ́. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn.

Kí ni chelate gan-an?

Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ọwọ́ akàn. Ọdún 1920 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Morgan àti Drew, kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tí akàn bá ti fún níka rí mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn: ọwọ́ náà ń di nǹkan mú láti ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ojú kan péré. Bí amáínò ásíìdì ṣe ń di èérún síǹkì tàbí irin mú nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé àwọn ohun kan wà nínú ọkà àti ẹ̀wà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní phytate, tó máa ń gbá mínírà, irú bíi síǹkì àti irin, mú nínú ìfun tí kò fi ní wọ ẹ̀jẹ̀. Mínírà tí amáínò ásíìdì bá ti dì mú ṣáájú lè bọ́ lọ́wọ́ phytate. Ẹ̀rí ti irin ló hàn jù, ti àwọn yòókù kò dọ́gba.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé kò lè ṣe ẹni ní ibi?

Rárá o. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n gbọ́ "amáínò ásíìdì", wọ́n rò pé oúnjẹ lásán ni. Àmọ́ ohun tó bá ń wọ ara dáadáa, àpọ̀jù rẹ̀ náà á wọ ara dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, òkè ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún àgbàlagbà lójúmọ́ jẹ́ 40 mílígíráàmù síǹkì, 45 mílígíráàmù irin, 10 mílígíráàmù bàbà, àti 400 máíkírógíráàmù sẹ̀lẹ́níọ̀mù, mínírà mìíràn (máíkírógíráàmù 1,000 ló wà nínú mílígíráàmù kan). Ní Yúróòpù, 25 mílígíráàmù ni ti síǹkì, wọ́n sì já ti sẹ̀lẹ́níọ̀mù wá sí 255 máíkírógíráàmù lọ́dún 2023. Kò sí èyí tí wọ́n torí chelate gbé sókè nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú síǹkì, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yani lẹ́nu. Bó bá pọ̀ jù nínú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì kan, metallothionein, láti fi ká a lọ́wọ́ kò. Bẹ́ẹ̀ bàbà ni purotéènì yìí fẹ́ràn jù. Ó gbá bàbà mú, kò jẹ́ kó dé inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan sẹ́ẹ̀lì náà gbó, ó já bọ́, bàbà sì bá ìgbẹ́ jáde. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bàbà ara á gbẹ: ẹ̀jẹ̀ ò ní tó mọ́, ẹsẹ̀ á máa kú, ìrìn á di títa gọ́ọ́gọ́ọ́. Wọ́n ti rí i lára àwọn tó ń fi ohun ìlẹ̀mọ́ eyín àtọwọ́dá tí síǹkì wà nínú rẹ̀ sẹ́nu ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò tí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ti iṣan kì í fi gbogbo ìgbà padà tán.

Mo ní òṣùwọ̀n. Tí mo bá wọn ìwọ̀n kékeré, kí ló tún kù?

Ó ku kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n. Lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe mínírà nìkan. Ẹrù ni, mínírà wà nínú ẹrù náà. Bí àpò bá sọ pé síǹkì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, gíráàmù 1 ti gbé 200 mílígíráàmù síǹkì, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún òkè ìwọ̀n ọjọ́ kan. Ṣíbí kékeré tó bá gba gíráàmù 3 á gbé 600, ìlọ́po 15. Ṣíbí ilé ìdáná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: èyí tí ẹ bù ní pẹrẹsẹ àti èyí tó ga bí òkìtì kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún ohun tí wọ́n ń fi máíkírógíráàmù kà, bíi sẹ̀lẹ́níọ̀mù, mi ò rí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa pò ó nílé láti inú àpò ńlá. Òṣùwọ̀n ilé ò tiẹ̀ lè rí i.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èyí pàápàá ń ṣì í. Lọ́dún 2008, wọ́n ta àfikún oúnjẹ olómi kan ní Amẹ́ríkà. Ara ìgò sọ pé 200 máíkírógíráàmù sẹ̀lẹ́níọ̀mù ló wà nínú ìwọ̀n kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, 40,800 ni wọ́n bá. Èèyàn 201 ló kó sínú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 10: irun ń já, èékánná ń bàjẹ́, inú ń ṣí, oríkèé ń ro wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ẹṣin 21 tí wọ́n fi ń gbá póló kú ní Florida torí sẹ̀lẹ́níọ̀mù tó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ afúnnilókun tí wọ́n pò fún wọn.

Tí mi ò bá fẹ́ jẹ ẹ́, tí mo kàn fẹ́ dà á sínú ike, ṣé dandan ni ìbòmú?

Dandan ni, tó bá jẹ́ pé ó ń rú eruku. Ẹnu àti imú kì í ṣe ọ̀nà kan náà. Máńgánísì tó gba ẹnu wọlé á kọ́kọ́ bá ẹ̀dọ̀ pàdé, ẹ̀dọ̀ á sì ti èyí tó pọ̀ jù síta. Èyí tí a fà símú ò gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó tẹ̀ lé iṣan ìgbóòórùn lọ sínú ọpọlọ. Àwọn awakùsà àti àwọn tó ń jó irin pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún fà á símú, ti ní àìsàn tó jọ ti Parkinson: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú le koko, ẹsẹ̀ ń wúwo. Ẹni tó da àpò kan lẹ́ẹ̀kan kò ní dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dà á lójoojúmọ́ ló yẹ kó ronú. Kóbáltì, mínírà mìíràn, lè mú kí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ á tó láti dá a sílẹ̀.

Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára ni kí ẹ lò. Aṣọ ò tó. Ẹ wọ awò tó bo ojú yíká. Tó bá kó sójú, ẹ fi omi tó ń ṣàn ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi ọwọ́ ra á.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò: ó lè gbiná. Amáínò ásíìdì ń jó. Bí eruku rẹ̀ bá kún inú yàrá tó sé, tí iná kékeré kan sì ṣẹ́, ó lè bú gbàmù. Eruku ṣúgà lásán ló bú ní ilé iṣẹ́ kan ní Port Wentworth, ní Georgia, ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2008. Èèyàn 14 ló kú. Àpò kan nínú ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń pò ó ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù lè ṣe é.

Ó dànù. Ṣé kí n gbá a?

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Ẹ kàn ń gbé e padà sínú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ fi aṣọ tútù kó o, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá. Níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ ìfaruku tí asẹ́ rẹ̀ kúnná dáadáa tí kò sì lè ta iná ni wọ́n ń lò. Ẹ má ṣàn án lọ sínú gọ́tà. Ẹja tó kú lórí ìwé ààbò yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: ìwọ̀n bàbà tí èèyàn ò ní mọ̀ pé òun mu ti tó láti pa ẹja àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi.

Ọmọ bu díẹ̀ jẹ, ó bì, ara rẹ̀ ti yá. Ṣé ó ti tán?

Tí irin bá wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Májèlé irin ní àrékérekè. Ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ á máa bì, inú rẹ̀ á máa ṣí, nígbà mìíràn tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín wákàtí 6 sí 24, ó lè dà bíi pé ó ti gbádùn. Àsìkò yẹn gan-an ni irin ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí ọmọ á wá ṣubú lójijì. Láti nǹkan bíi 20 mílígíráàmù irin fún kílógíráàmù ara kan ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọjá 60, ó lè gba ẹ̀mí. Èédú tí wọ́n ń fún ẹni tó jẹ májèlé kì í di irin mú. Ẹ má fipá mú ọmọ bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú àpò náà dání, torí ohun tí wọ́n kọ sí i ni dókítà á fi ṣírò.

Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù ló wà nílẹ̀. Ṣé mo lè fún àgùntàn?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbà tí màlúù ń fẹ́ lè pa àgùntàn. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn ò mọ bó ṣe ń tì í síta. Á máa tò ó jọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù láìsí àmì kankan. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ bá kojú ìnira, ẹ̀dọ̀ á tú u dà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹyinjú á pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ń lo oògùn. Ṣé kí n mu wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Mínírà máa ń so mọ́ ciprofloxacin àti tetracycline, tí wọ́n jẹ́ oògùn apakòkòrò àrùn, àti levothyroxine, oògùn ẹṣẹ́ tọ́rọ́ìdì, nínú ìfun, oògùn á wá kọjá láìṣiṣẹ́. Fún levothyroxine, wákàtí 4 ni kó wà láàárín wọn. Ti àwọn méjì yòókù, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn.

Ó ti dì bí òkúta. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Ó lè má tíì bàjẹ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ló fà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé lẹ́búlẹ́bú tó dì kì í pò dọ́gba mọ́. Ẹran kan á jẹ odidi kókó, òmíràn kò ní rí nǹkan kan. Èyí tó ti dì gan-an, ẹ dá a padà tàbí kí ẹ kó o dànù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ààbò. Èyí tó kù, ẹ fi sínú ike tirẹ̀ tó dé pinpin, níbi gbígbẹ, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí ó má jẹ́ ike mílíìkì.