Ṣé igi gan-an ni "abọgibọ̀pẹ̀" ń bọ?

Ká má tan ara wa, tí wọ́n bá ti ní lágbájá ka igi tàbí odò sí nǹkan mímọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé ó ti gbé igi sípò Ọlọ́run, ó ń forí balẹ̀ fún pákó. Orúkọ tá a fún wọn gan-an ti dá ẹjọ́ tán: abọgibọ̀pẹ̀. Àwọn òyìnbó náà ṣe tiwọn o, ní 1871 Edward Tylor, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, to ẹ̀sìn bí àkàsọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló fi irú àwọn èèyàn yìí sí.

Ẹ wá wo àwọn Bishnoi ní Rajasthan, ní Íńdíà. 1485 ni Jambhoji dá ẹ̀sìn yẹn sílẹ̀, òfin 29 ló fún wọn, orúkọ wọn gan-an, ogún àti mẹ́sàn-án ni, ọ̀kan nínú òfin yẹn sì ni pé wọn ò gbọdọ̀ gé igi tútù. Ní 1730, ọba Jodhpur ní kí wọ́n lọ gé igi wá ní abúlé Khejarli fún iṣẹ́ ààfin, obìnrin kan, Amrita Devi, bá lọ dì mọ́ igi, ó ní kí wọ́n gé òun kí wọ́n tó gé e, wọ́n sì gé e lóòótọ́, àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin mẹ́ta náà tẹ̀ lé e, kí ọba tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, èèyàn 363 ti kú. Ẹlòmíì á ní "ẹ ò rí i, igi ni wọ́n ń bọ!" Rárá o. Vishnu, ọ̀kan nínú òrìṣà ńlá Íńdíà, ni wọ́n ń sìn. Igi tí wọ́n ń gé yẹn, khejri lorúkọ ẹ̀, ló ń bọ́ ẹran wọn, òun ló ń ṣíji bò wọ́n lórí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, lójú wọn ẹlẹ́mìí bíi tiwọn ni.

Àwọn Māori tó wà létí odò Whanganui ní New Zealand náà máa ń sọ pé "èmi ni odò, odò ni èmi." Baba ńlá ni wọ́n ka odò yẹn sí, mọ̀lẹ́bí ni. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi bá gọ́ọ̀mẹ́ǹtì fà á, 2017 ni òfin tó wá sọ odò náà di èèyàn lójú kọ́ọ̀tù, èèyàn méjì ló ń gbẹnu sọ fún un, ìjọba yan ọ̀kan, àwọn Māori etí odò yan ìkejì. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín sha. Àmọ́ kọ́ńpìnnì náà èèyàn ni lójú òfin, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n pe lọ́yà kankan ní abọkọ́ńpìnnì.

Ẹ má sì torí ẹ̀ sọ wọ́n di áńgẹ́lì o, àwọn baba ńlá Māori yìí kan náà ló pa moa, ẹyẹ ràgàjì kan tí kì í fò, jẹ tán pátápátá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní rāhui: tí èèyàn bá kú sómi, tàbí tí ìṣáwùrú etí òkun bá ti ń tán, wọ́n á fi èèwọ̀ lé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká èèwọ̀ yẹn kúrò, wọ́n á padà lọ, wọ́n á kó ìṣáwùrú wọn, wọ́n á sì sè é jẹ.