Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀: Bí Ọpẹ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin Ṣe Di Funfun Ọjọ́ Ẹtì ní Bàhíà

Kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wọ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba ńlá wa ti ní ọjọ́ tí olórìṣà ń fi oko sílẹ̀, tó ń jókòó síwájú òrìṣà rẹ̀, tó sì ń ka oore tó rí gbà. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Mẹ́rin ni ọjọ́ náà: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tó jẹ́ ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó. Bí wọ́n bá ti yí po, a tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ná ọjà ní ọrọọrún.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé ìsìn ni wọ́n fi pín àkókò. Wọn kò ka ọjọ́ tán kí wọ́n tó máa wá àyè fún ọpẹ́. Ọjọ́ ọpẹ́ gan-an ni òpó tí wọ́n so ọjọ́ yòókù mọ́.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá. Ní ìdájí, ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin tàbí ìyá àgbà tí kò bímọ mọ́ a gbé ìkòkò lọ sí odò. Agogo ni yóò máa lù lọ́nà, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lè mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Omi tuntun yìí ni wọ́n ń rọ sí ìkòkò ojúbọ, òun náà sì ni ẹni tó ń wá ọmọ ń mu. Aṣọ àlà ni wọ́n ń wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́sẹ̀ẹfun ló ń wà lọ́rùn, ìgbín tí wọ́n fi òrí sè ni oúnjẹ. Epo pupa kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ẹmu kò gbọ́dọ̀ kàn án. Wọ́n á da obì, wọ́n á ki òrìṣà, wọ́n á sì dúpẹ́: aboyún sọ̀ láyọ̀, ọmọ ti rìn, àìsàn ti lọ. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀ o, àmọ́ ọpẹ́ ní í ṣíwájú.

Ìmàle mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá pẹ̀lú Jímọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì ní 1842, tí wọ́n sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó ní 1846, mú ọjọ́ Ìsinmi tiwọn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ọpẹ́ wọn lọ síbẹ̀.

Bàhíà ní Bràsíl ni ìtàn náà ti dùn mí, tó sì tún wú mi lórí. Nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àìmọye ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ẹrú kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ni ìsinmi, bí olówó rẹ̀ bá tiẹ̀ gbà. Ta ló fẹ́ fún un ní ọjọ́ kan nínú mẹ́rin? Kàkà kí ọpẹ́ parun, wọ́n pín àwọn òrìṣà sórí ọjọ́ méje: Ọjọ́rú fún Ṣàngó àti Ọya, Ọjọ́bọ̀ fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ẹtì fún Òòṣàálá, ìyẹn Ọbàtálá, Àbámẹ́ta fún Yemọja àti Ọ̀ṣun.

Ẹtì bọ́ sọ́wọ́ Òòṣàálá nítorí pé wọ́n fi í wé Jésù tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Senhor do Bonfim ní ìlú Salvador. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan ló gbé ère rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Pọtogí ní 1745. Àwọn kan tún ń tọ́ka sí àwọn Ìmàle Yorùbá tó dìde ogun níbẹ̀ ní 1835, torí pé àwọn náà ń wọ funfun. Lójú tèmi, kò yẹ ká fi ọ̀kan lé èkejì lọ.

Títí di òní, lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ará Salvador ló ń wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́, àwọn tí kò ṣe òrìṣà rí pàápàá. Nínú ilé òrìṣà, wọ́n ṣì ń fọ ojúbọ, wọ́n ń pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ossé sì ni wọ́n ń pè é. Tó bá di Ọjọ́rú, wọ́n á se àmàlà Ṣàngó. Ilá ni wọ́n fi ń sè é lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe èlùbọ́, àlejò tó bá yà síbẹ̀ náà a sì rí tirẹ̀ jẹ.