Ajá Tó Tóbi Jù Kọ́ Ni Adájọ́ Ń Wá

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tó tóbi gan-an, èyí tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ní gbogbo Sùúrùlérè." Ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́nu ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa mú ajá wọ ìdíje. Láti Yábàá dé Ìkẹjà, gbogbo àwọn tí mo ti ń fọ̀nà hàn ló gbà pé ajá tó bá tóbi jù ni yóò gba ife. Ó ń dùn mí, torí ajá ló ń jìyà ìgbàgbọ́ yìí.

Pé kí eyín ajá pé, kí ara rẹ̀ mọ́, kó má sì bu adájọ́ jẹ, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé iṣẹ́ adájọ́ kì í ṣe kó máa fi ajá wé ajá. Irú ajá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, tó sọ bí orí, àyà, ẹ̀yìn, irun, ìrìn àti ìwà rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Orílẹ̀-èdè tí irú ajá náà ti ṣẹ̀ ló máa ń kọ ọ́, FCI, àjọ àgbáyé fún àwọn ẹgbẹ́ alájá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1911, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé yẹn ni adájọ́ gbé sọ́kàn wọ pápá. Ajá tó bá sún mọ́ ìwé jù ló mú.

Ẹ jẹ́ ká mú Rottweiler, torí òun ni wọ́n sábà máa ń bi mí léèrè. Ìwé rẹ̀ ní kí akọ ga láti sẹ̀ǹtímítà 61 dé 68, kí abo ga láti 56 dé 63. Kò dúró síbẹ̀. Ó ní akọ tó bá jẹ́ 61 sí 62 kéré, 63 sí 64 wà níwọ̀n, 65 sí 66 tóbi, ó sì fi kún un pé gíga tó tọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá pe 67 sí 68 ní èyí tó tóbi púpọ̀. Ẹ tún un kà. Gíga tó tọ́ kò sí ní òpin. Ìsàlẹ̀ òpin ló wà. Ìwọ̀n akọ sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 50, ti abo nǹkan bíi 42. Ẹni tó bá ń fi Rottweiler kílò 75 yangàn, ọ̀rá ló pọ̀ lára ajá rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń wọn gíga náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Orí kọ́, etí kọ́. Gegele èjìká ni, níbi tí ọrùn parí sí tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, títí dé ilẹ̀, kí ajá sì dúró dáadáa lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ojúẹlẹ́gba sọ fún mi lórí fóònù pé 80 ni ajá òun. Mo lọ wò ó. Téèpù aránṣọ ló fi wọ̀n ọ́n láti àtàrí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ajá bọ̀ wá sílẹ̀. A fi igi gbọọrọ lé èjìká ajá, a wọn ibi tí igi dé: 66. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Gíga tó tọ́ gan-an ló wà nílé rẹ̀ tí kò mọ̀.

Iṣẹ́ ló fa òpin yìí. Ní ìlú Rottweil ní Jámánì, àwọn alápatà ló máa ń fi ajá náà da màlúù, ajá tó bá sì wúwo jù kò lè tọ màlúù jìnnà. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ fi ń ní kí ẹ mú ajá sáré yí pápá ká: ó fẹ́ rí i bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ti ara síwájú, bóyá ẹ̀yìn dúró pẹrẹsẹ. Lábẹ́ oòrùn Èkó, èyí tí wọ́n bọ́ sanra á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ kó tó yí i ká tán.

Mi ò ní sọ pé títóbi ò wúlò rárá. Fún akọ Caucasian Shepherd, irú ajá ńlá mìíràn, sẹ̀ǹtímítà 68 ni ìwé fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, 72 sí 75 ló wù wọ́n, wọ́n sì gbà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ara rẹ̀ bá ṣì bára mu. Èèyàn sì ni adájọ́. Tí ajá méjì bá jọ bá ìwé mu, ó ṣeé ṣe kó mú èyí tó kún ojú. Ṣùgbọ́n ìyókù ti gbọ́dọ̀ pé ná.

Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń ní kí ẹni tuntun kọ́kọ́ wá sí ìdíje méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ òfo, kó dúró létí pápá pẹ̀lú ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́, kó máa dárúkọ ajá tí adájọ́ máa mú kí adájọ́ tó mú un. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ yín náà ló fẹ́ ta ajá fún yín, ẹ wá ẹlòmíì bá yín wò ó.

Ọmọ ajá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kó lè tètè tóbi, wọ́n á máa da kálísíọ̀mù sí oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á máa bọ́ ọ láìdáwọ́ dúró. Kálísíọ̀mù àpọ̀jù ń ba eegun ọmọ ajá ńlá jẹ́, ìsanrajù sì ń mú àìsàn oríkèé ìbàdí le sí i. Oúnjẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ajá ńlá ti ní èyí tó tó nínú. Ẹ má fi kún un àfi tí dókítà ẹranko bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ yìí; tí ọwọ́ yín ò bá kan eegun ìhà lábẹ́ awọ, ẹ dín oúnjẹ ọ̀la kù.