Ọmọ ń ṣu omi, ẹ tún ní ká fún un lómi?

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n bó ṣe ń mu ún náà ló ń ṣu. Màmá mi ní eyín ló ń hù, pé kí n dá omi dúró kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá omi dúró o! ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ọmọ ló ń dá padà, torí pé kí omi ara gbẹ ló sábà máa ń pa ọmọ. Ìgbẹ́ náà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti eyín, òun kọ́ ló fa ìgbẹ́ náà: àsìkò tó ń hù ni ọmọ ń rákò, tó ń ki ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu. Ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé.

Ìbéèrè: Kí wá ni iyọ̀ àti ṣúgà ń ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ṣúgà ló ń mú iyọ̀ wọ ara láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn, bí ìfun tilẹ̀ ń ṣàìsàn. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, kọ́lẹ́rà ń pa àwọn tó sá wá sí Bongaon ní Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ò tó mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti glúkóòsì mọ́ omi, kí ẹbí máa bu ún fún èèyàn wọn mu. Ikú tó ń lọ sí bí 30 nínú 100 já wálẹ̀, kò tó 4.

Ìbéèrè: Bí ORS bá tán ńkọ́?

Ìdáhùn: Píọ̀ wọ́tà 2, oní-50cl, ni lítà 1. Ẹ fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà ṣíbí 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí sí i, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ láéláé. Bó bá pọ̀ jù, ó léwu. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Ṣíbí ṣíbí ni kí ẹ máa fún un. Bó bá bì, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Ẹ béèrè oògùn síńkì pẹ̀lú: 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Oògùn tí àgbà fi ń dá ìgbẹ́ dúró kì í ṣe ti ọmọdé.

Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí awọ ikùn tí ẹ fi ìka fà sókè kò tètè padà, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru.