Ẹ Wọn Ìwé Kí Ẹ Tó Fa Ìlà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún ìtàn alàwòrán àtijọ́ yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé àwòrán inú fóònù wá pé kí á bá yín sọ ọ́ di ìwé. Àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1080 (píksẹ́lì ni àmì tíntín tí a fi to àwòrán kọ̀ǹpútà) kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ lórí ìwé tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi, ìyẹn àmì tíntín 300 nínú íǹṣì kan. Bí ẹnì kan bá ní òun ní bọ́tìnnì tó ń sọ kékeré di ńlá láìbàjẹ́, ẹ má fún un lówó. Bọ́tìnnì yẹn kàn ń méfò ni: ojú ọmọ inú ìtàn á yí padà, ìka ọwọ́ rẹ̀ á lé.

Ìwé náà gan-an ni kí ẹ gbé sórí skánà, 600 dpi fún àwòrán tàdáwà dúdú, 300 ó kéré tán fún aláwọ̀. Irú fáìlì àwòrán tí à ń pè ní TIFF tàbí PNG ni kí ẹ fi pamọ́ sí. JPEG ń jẹ àwòrán díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì tún un fi pamọ́. Ẹ súnmọ́ etí ìlà dúdú kan, ẹ ó rí ìdọ̀tí tó yí i ká bíi kùrukùru.

Ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ìtàn ńkọ́? Kó wà ní kíkọ sílẹ̀ kí skánà tó tan.

Ó wá kan ìwọ̀n, ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú. A4 ní 300 dpi jẹ́ píksẹ́lì 2480 × 3508. Ẹ fi mìlímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di 2551 × 3579. Ọ̀bẹ ìgéwèé kì í gún régé lórí gbogbo ìwé. Bí àwọ̀ yín bá dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọ̀bẹ yóò gbà, ìlà funfun tín-ín-rín á yọ létí. Ẹni tó ya ojú-ìwé 20 ní 72 dpi, èyí tí A4 rẹ̀ kò ju 595 × 842 lọ, á rí i pé ó ń dán lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Lórí ìwé, gbogbo ìlà tó tẹ̀ á dà bí àtẹ̀gùn ilé. Kò sí àtúnṣe kankan fún un. Ogún ojú-ìwé náà ni yóò tún yà.

Ìwé tí wọ́n máa ká sí méjì kí wọ́n tó gún un láàárín, iye ojú-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ kéékèèké, bíi páálí ìṣáná, sórí abala ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ lè rí ibi tí ìtàn ti ń fà. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ní léyà (ìpele tí a ń tò léra wọn) tirẹ̀, ìlà ní tirẹ̀, àwọ̀ ní tirẹ̀. Bí àṣìkọ bá yọjú, ẹ ò ní fọwọ́ kan àwòrán. Ẹ kọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún àwọ̀ aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí ojú máa ń tan ni tó bá di ojú-ìwé 15.

Ẹ wá parí ojú-ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà á ṣá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un pò. Kí ẹ sì wo aago. Bí ojú-ìwé yẹn bá gba wákàtí 9, ojú-ìwé 32 á gba wákàtí 288.