Páráṣúùtì ńlá tó tètè ṣí kọ́ ló ń mú ẹrù délẹ̀ láìfọ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré gbé kámẹ́rà tàbí sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan) lọ sókè, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó wá páráṣúùtì tó fẹ̀ dáadáa, kó sì jẹ́ kó tètè ṣí. Aṣọ tó bá ti fẹ̀, tó sì ti là lókè réré, ọkàn balẹ̀ nìyẹn. Ó jọ òótọ́ létí. Àmọ́ ìgbàgbọ́ yìí ti fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ṣòfò mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fífẹ̀. Páráṣúùtì tó ń gbé ẹrù bọ̀ wálẹ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ṣe dáadáa. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sí àyà, bí eré tó máa fi kanlẹ̀ ṣe tó nìyẹn. Àpótí tí a fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ á fara dà á. Tí o bá wá ní o fẹ́ dín eré yẹn kù sí ìdajì, aṣọ ìlọ́po méjì kò ní tó. Ìlọ́po mẹ́rin lo máa nílò, torí pé bí eré bá dín sí ìdajì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti aṣọ ti dín sí ìdá mẹ́rin. Aṣọ ńlá bẹ́ẹ̀ wúwo, ó ń gba àyè, èyí tí wọ́n bá sì kì há sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ jáde.

Ti títètè ṣí ló burú jù. Ká ní rọ́kẹ́ẹ̀tì dé mítà 3,000, tí páráṣúùtì ńlá sì là níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 gbáko ni ẹrù máa fi rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní mítà 8 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti gbé e lọ tó kìlómítà 4.8 kó tó balẹ̀, bóyá sínú odò, bóyá sáàárín títì. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo páráṣúùtì méjì. Kékeré á jáde lókè, ẹrù á máa bọ̀ ní nǹkan bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; tó bá ku bíi mítà 250 sílẹ̀, ńlá á wá là. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 160 lọ, atẹ́gùn kan náà ò sì ní gbé e kọjá kìlómítà 1.3.

Ṣíṣí lásìkò tí kò tọ́ sì lè ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí páráṣúùtì bá là nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń gòkè ní mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po 16 ni agbára afẹ́fẹ́ tó máa bá pàdé ju ti èyí tó là nígbà tí eré jẹ́ mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn á já, tàbí kó la ara rọ́kẹ́ẹ̀tì gbọọrọ bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Tó bá sì pẹ́ jù, tí ẹrù ti já bọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 láìsí ohun tó dì í mú, eré rẹ̀ ti ń lọ sí mítà 50.

Nítorí náà, ohun tó ń pinnu ìgbà tí aṣọ máa jáde ló yẹ ká máa ṣàníyàn lé lórí. NASA, àjọ tó ń bójú tó ìrìn àjò ojú sánmà ní Amẹ́ríkà, fojú winá èyí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí ọkọ̀ wọn, Genesis, ń kó èérún tí oòrùn ń fẹ́ jáde bọ̀ wálé. Páráṣúùtì wà nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó mọ̀ pé ó ti wọ afẹ́fẹ́ ayé ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, láti orí àwòrán tí wọ́n yà. Páráṣúùtì ò jáde, àpótí náà já lu aṣálẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú eré tó lé ní kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò tí ì bá tú àṣírí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ẹni tó gun òrùlé, tó ju ẹrù sílẹ̀, tó rí i pé aṣọ là, ti dán ètò rẹ̀ wò. Aṣọ ló dán wò. Sẹ́ńsọ̀ tí a sábà ń lò ń wo agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan: bí a ṣe ń gòkè ló ń dín kù, tó bá wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹrù ti ń bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Inú ìgò la ti ń dán ìyẹn wò. Wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó gba ìdajì lítà, gbé ẹ̀rọ tó ń lo sẹ́ńsọ̀ yìí sínú rẹ̀, kí o so gílóòbù kékeré mọ́ ibi tí wáyà ẹ̀tù tó ń ti páráṣúùtì síta ì bá wà. Lu ọmọrí ìgò, ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, fi gúlúù dí etí rẹ̀ pa, kí o wá fi síríńjì oní-mìlílítà 60 fa afẹ́fẹ́ jáde. Lójú sẹ́ńsọ̀, ó ti gòkè tó nǹkan bíi mítà 1,000. Tí o bá wá ń dá afẹ́fẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀ bí mo ṣe ń fà á, gílóòbù sì tàn, nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ṣì yẹ kó máa gòkè. Kíkà kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ̀rọ gbà gbọ́. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀run ni, atẹ́gùn tó fẹ́ gba ojú ihò sẹ́ńsọ̀ ti tó láti ju páráṣúùtì síta. Ní báyìí, kíkà 10 tó tẹ̀ léra ló gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ni ẹ̀rọ ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdúró yẹn ò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ẹrù ò sì tíì já ju bíi mítà kan lọ.

Lẹ́yìn ìgò ni ti ẹ̀tù, lórí ilẹ̀, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i: iye ẹ̀tù kan náà, bátìrì kan náà, páráṣúùtì tí a ká bí a ṣe máa ká a lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yìn ín. Bí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá yọ ṣùgbọ́n tí aṣọ há sínú, kì í ṣe ẹ̀tù nìkan ló yẹ kó o wò, wo bí o ṣe ká a. Ìgbà tí mo bá sì máa kọ́kọ́ yin ètò tuntun lọ sókè, yanrìn ni mo máa ń dì sínú àpótí, kó wúwo tó ẹrù gidi. Kámẹ́rà á dúró de ìgbà kejì.